Kẹ̀kẹ́ Ìyá Mi Kò Mọ̀ Ọ́n Rí

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà pè mí lórí fóònù, abẹ́ maṣíìnì ni mo wà. Iṣẹ́ mi nìyẹn: mò ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì. Ọgọ́rin maṣíìnì ló wà nínú yàrá kan ṣoṣo, bí ọ̀kan bá sì ti dákẹ́, èmi ni wọ́n ń ké sí. Mo fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, mo fi eyín di irinṣẹ́ mú.

"Ṣé ọmọ apínlẹ́tà nìyẹn?"

Mo dá ohùn náà mọ̀ kó tó parí ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n nílùú wa. Òun ni wọ́n ń pè ní Bàbá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹni tí àwọn ìwé ìròyìn ní òun ló kọ́kọ́ ṣe kẹ̀kẹ́ tó lè gun òkè, òun náà ló sì kọ́kọ́ fi kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú.

"Ọmọ wọn ni," mo ní.

"Ó pé ogójì ọdún tí mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ ṣe ìrántí. Wọ́n fẹ́ kí n fi kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ yẹn sọ̀ díẹ̀ kí àwọn èèyàn fojú rí i. Kẹ̀kẹ́ mi tí mo fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Kẹ̀kẹ́ mi. Tí mo fi sọ́dọ̀ ìyá rẹ. Irinṣẹ́ bọ́ lẹ́nu mi.

Ẹ máa gbọ́ tí mò ń pe ọkùnrin yìí ní "ó". Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó tó bàbá mi, bí mo bá sì wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni mo máa ń pè é. Ṣùgbọ́n tó bá ti yí ẹ̀yìn padà, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, "ó" ni. Ẹ̀san tí agbára ọmọdé ká nìyẹn. Mo dàgbà tán, n kò jáwọ́ níbẹ̀.

Apínlẹ́tà ni màmá mi. Abúlé mẹ́rin tó wà lórí òkè ni wọ́n kó fún wọn, nítorí kò sí ọkùnrin tó gbà láti lọ síbẹ̀. Kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà, ilé ìfọṣọ ni wọ́n wà, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti gbá ọwọ́ ọ̀tún wọn mú. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín nìkan ló ṣẹ́kù. Kẹ̀kẹ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ fún wọn kò wúlò kọjá ẹsẹ̀ òkè. Táyà rẹ̀ tín-ín-rín, bíréèkì rẹ̀ kì í mú lórí òkúta. Wọ́n á gbé e kọ́ èjìká gòkè, wọ́n á tún gbé e kọ́ èjìká sọ̀. Màmá mi á wọlé, wọ́n á ní, "Ṣé èmi ni mò ń gun kẹ̀kẹ́ yìí ni, àbí òun ló ń gùn mí?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó irin jọ lẹ́yìn ilé. Férémù kẹ̀kẹ́ àtijọ́ kan tó wúwo bí ilẹ̀kùn, táyà tó sanra, bíréèkì alùpùpù, sípíríǹgì inú maṣíìnì ìránṣọ tí ẹnìkan dà nù. Wẹ́dà àdúgbò wa bá wọn jó irin náà pọ̀. Ó lé ní ọdún kan kó tó parí. Nítorí pé ọwọ́ òsì wọn nìkan ló lágbára, wọ́n so bíréèkì iwájú àti tẹ̀yìn pọ̀ mọ́ ọwọ́ òsì. Èyí tó wà lápá ọ̀tún jọ bíréèkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe bíréèkì. Ìjókòó ló so mọ́. Bí wọ́n bá ń gòkè, ìjókòó á ga. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀, wọ́n á fi ọmọńdinrín fà á fẹ́ẹ́rẹ́, ìjókòó á rọ̀ wálẹ̀ lábẹ́ wọn, wọ́n á sì fara sẹ́yìn bí ẹni jókòó sórí àpótí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi í sọ̀ kalẹ̀ láti abúlé tó ga jù, lójú ọ̀nà tí àwọn ewúrẹ́ là. Wọn ò fẹsẹ̀ kanlẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Lẹ́tà tó yẹ kó di ọ̀la kó tó dé, ó dé kí wọ́n tó mu tíì àárọ̀ tán.

Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nígbà náà, ó ń ta ṣéènì àti táyà káàkiri. Ó gbọ́, ó sì wá. Ó wá títí ó fi di ará ilé. Ó ń jókòó sí tábìlì wa, ó ń jẹun wa, ó ń dọ̀bálẹ̀ sábẹ́ kẹ̀kẹ́ kó lè rí i dáadáa, ó ń yà á sínú ìwé. Màmá mi fi kẹ̀kẹ́ mìíràn kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fara sẹ́yìn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tiwọn, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Nígbà tó di ọdún méjì, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì jáde nínú ìwé ìròyìn: ọkùnrin tó dá kẹ̀kẹ́ òkè sílẹ̀.

Màmá mi lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn láti sọ tẹnu wọn. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹjọ́ ti dé ibi iṣẹ́ wọn: pé wáyà àti sípíríǹgì ara kẹ̀kẹ́ yẹn, ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti jí i. Ẹlẹ́rìí kan fọwọ́ sí ìwé pé òun rí wọn tí wọ́n kó o jáde nínú àpò lẹ́tà. A ò gbọ́ orúkọ ẹlẹ́rìí náà. Wọ́n gba àpò àti fìlà lọ́wọ́ màmá mi lójú gbogbo àwọn tó tò síbẹ̀ láti ra sítáǹbù.

Fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́yìn ìyẹn, àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́jọ ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sára ògiri, wọn ò gùn ún mọ́. Wọ́n kú. Ọkùnrin náà kò wá, kò ránṣẹ́. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Mo dá a lóhùn lórí fóònù, mo ní, "Kò burú, Bàbá. Màá tún un ṣe fún yín."

Mo gba ọ̀dọ̀ bùrọ̀dá mi lọ. Wọ́n fi ọdún mẹ́wàá jù mí, irun ni wọ́n ń gẹ̀, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ní àga méjì àti dígí tó sán lápá kan. Àwa méjèèjì nìkan ni màmá mi bí. Mo sọ fún wọn ohun tí ọkùnrin náà sọ. Wọ́n ń gbálẹ̀, wọn ò gbójú sókè.

"Gbé kẹ̀kẹ́ fún un, kó máa bá tirẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. "Ọlọ́run ló ni ẹ̀san."

"Ọlọ́run ti ní in fún ogójì ọdún, Bùrọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n yá a lò."

"Mo ní kí o fi í sílẹ̀!" Wọ́n pariwo mọ́ mi. Wọn kì í pariwo mọ́ mi. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òkú ìyá wa ló dùn wọ́n, mo bá kí wọn, mo lọ.

Ọjọ́ Sátidé mẹ́ta ni mo fi ṣe kẹ̀kẹ́ náà nínú yàrá irinṣẹ́ wa, nígbà tí gbogbo maṣíìnì ti dákẹ́. Mo tú u palẹ̀. Mo ha ìpẹtà, mo pààrọ̀ wáyà, mo fi gírísì tuntun sí ìdí táyà àti ara ṣéènì rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kejì, mo mú pílíáyà, mo fi í di wáyà bíréèkì mú, mo dúró. Bí mo bá gé e dé ìdajì, á mú fún ìgbà méjì, kò ní mú lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀.

Kì í ṣe àánú ló dá mi dúró. Òkú kì í tijú. Bí ó bá kú, wọ́n á sin ín bí akọni, wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ pe òpópónà. Mo fẹ́ kó wà láàyè kó lè rí ojú àwọn èèyàn. Mo fi pílíáyà sílẹ̀, mo so bíréèkì yẹn kó mú ju bí màmá mi ti so ó lọ. Mo so ìjókòó náà bí wọ́n ti so ó. Kẹ̀kẹ́ náà pé pérépéré, kò sí àléébù kan lára rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ẹni tí kò gùn ún rí kò lè mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ ìrántí náà, bọ́ọ̀sì ló kó èèyàn gòkè. Kámẹ́rà wà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, àwọn ọmọge wọ aṣọ tí wọ́n tẹ ojú Bàbá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí. Ó sọ̀rọ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro àwọn èèyàn. Ó ní òun nìkan wà lẹ́yìn ilé òun, òun ń jó irin pọ̀, gbogbo èèyàn ń fi òun rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ilé *òun*. Kò dárúkọ apínlẹ́tà kankan. Ìgbà tó parí, mo ti kẹ̀kẹ́ síwájú, mo ṣí aṣọ lórí rẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Mo ti ń ro ìbéèrè mi láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo fẹ́ bi í, kí ẹnikẹ́ni má baà ní n kò kìlọ̀ fún un. Mo sì fẹ́ bi í lọ́nà tí kò ní lè gbà. Mo dúró dé ìgbà tí kámẹ́rà súnmọ́ wa, mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo gbé ohùn sókè:

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ yìí hàn yín? Ó máa ń da ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n láàmú."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa mí lórí.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń kọ́ ẹja ní ìwẹ̀ odò ni? Èmi ni mo bí i!"

"Ẹ máà bínú, sà," mo ní, mo dìde, mo yà fún un.

Ó dé akoto, ó gùn ún. Ibi tó tẹ́jú ló kọ́kọ́ gbà, ó ń juwọ́ sáwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ewúrẹ́ yẹn dà sísàlẹ̀. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tó ti ṣe láti ogójì ọdún, apá ọ̀tún ni bíréèkì ẹ̀yìn wọn wà. Ó fa apá ọ̀tún. Ìjókòó ré bọ́ lábẹ́ rẹ̀, orúnkún rẹ̀ yọ sókè dé àgbọ̀n bí ti tata. Ó tún fà á, ó fi gbogbo agbára fà á. Kẹ̀kẹ́ ń sáré.

"Ọwọ́ òsì!" Bàbá arúgbó kan ló ń ké láàárín èrò, àwọn àti màmá mi ló jọ pín lẹ́tà láyé àtijọ́. "Ọwọ́ òsì ni bíréèkì rẹ̀! Kẹ̀kẹ́ ìyá apínlẹ́tà nìyẹn, ṣé ẹni tó ṣe é ni kò mọ̀?"

Ó ṣubú sínú igbó lẹ́bàá òkúta, akoto rẹ̀ ń yí lọ. Inú mi dùn. N kò ní parọ́ fún yín, ó dùn bí omi tútù lọ́fun ẹni tó ti ń rìn láti àárọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó ké, igbe ẹni tí egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá bi mí bóyá ǹ bá pa ìbéèrè mi dà, rárá ni.

Obìnrin oníròyìn kan kò sáré tẹ̀lé àwọn tó ń gbé e. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó yẹn ló lọ. Bàbá náà sọ fún un, èmi náà sì sọ. Lọ́jọ́ kejì, ó wà lójú ìwé àkọ́kọ́: ọkùnrin tí kò mọ bíréèkì kẹ̀kẹ́ tó ní òun dá sílẹ̀. Níbi iṣẹ́ wa, wọ́n ń wo fídíò rẹ̀ títí ọ̀gá fi gba fóònù lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kẹrin ni mo lọ wo Bàbá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní ọsibítù. Wọ́n ti so ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀. Ojú rẹ̀ ti wọnú, kò sí ẹni tó jókòó tì í. N kò mú nǹkan kan dání.

"O wá wò ó bóyá mo ti kú," ni ó wí.

"Rárá o. Ẹ ò ní kú, Bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ óò máa ka ìwé ìròyìn lójoojúmọ́, ojú yín ò sì ní fọ́."

"O mọ̀ pé n kò ní mọ̀ ọ́n gùn."

"Mo bi yín. Ẹ ní ẹja ni yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ó dùn ún, ó di ẹ̀gbẹ́ mú. "Àdúrà rẹ dáa. Jẹ́ kí èmi náà fún ọ ní tìrẹ. O rò pé èmi ni mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ. Èmi, ẹnu ni mo fi sọ ọ́, ẹnu lásán kì í lé èèyàn níbi iṣẹ́. Ìwé ló lé e. Ta ló fọwọ́ sí ìwé?"

"Ta ni?"

"Lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń gẹrun." Ó yí ojú sí ògiri.

N kò wọ bọ́ọ̀sì. Mo fẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀bù bùrọ̀dá mi, mo ń sọ fún ara mi pé irọ́ ni, ẹni tó ti ń rì ló ń fa èèyàn mọ́ra. Oníbàárà kan wà lórí àga, wọ́n ti gẹ apá kan orí rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bùrọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí ìwé yẹn?"

Wọn ò bi mí pé ìwé wo. Wọ́n pa kílípà. Wọ́n sọ fún oníbàárà pé, "Ẹ dákun, ẹ lọ dúró síta díẹ̀," ọkùnrin yẹn sì jáde pẹ̀lú orí tí wọ́n gẹ dé ìdajì.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà," wọ́n ní. "Ó ní òun á fi mí sínú àwọn tí yóò máa fi kẹ̀kẹ́ sáré fún ilé iṣẹ́ òun, wọ́n á tẹ orúkọ mi sára aṣọ. Ó ní ìwé lásán ni, pé wọ́n á kàn bá Màmá wí, kí wọ́n lè dákẹ́. Mo fọwọ́ sí i. Kò pè mí rárá, kò tiẹ̀ kí mi mọ́."

"Màmá mọ̀?"

"Ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n fi ìwé hàn Màmá, Màmá sì dá ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ̀. Nígbà tí wọ́n dé, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn. Mo rò pé wọ́n á gbá mi. Wọ́n ní kí n lọ fọ ẹsẹ̀ mi, pé oúnjẹ ti fẹ́ jinná."

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Kò sí. Títí wọ́n fi kú."

Ara mi ń gbóná, mo ń wá ibi tí màá gbé e sí. Ọkùnrin yẹn, mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe é, mo sì ti ṣe é. Èyí tó wà níwájú mi yìí, àwọn ló gbé mi pọ̀n lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ mi rọ́.

"Ìwọ," mo ní. N kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. "Ìwọ ń wò wọ́n tí wọ́n ń gbé korobá gun àtẹ̀gùn."

Wọ́n dá mi lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo jáde. Oníbàárà náà ṣì dúró síta, ó bi mí bóyá òun lè wọlé. Mo ní n kò mọ̀.

N kò débẹ̀ mọ́ fún oṣù méjì. Bàbá Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá méjì. Ó ní kí wọ́n kọ ìwé sí mi kí n lè gbà kó jáde nínú ìwé ìròyìn: pé òun rí ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ gbà lọ́wọ́ obìnrin apínlẹ́tà kan. Mo fi bírò pa "díẹ̀" rẹ́, mo dá a padà. Ó tún dé, wọ́n ti kọ "púpọ̀" síbẹ̀. Mo tún dá a padà. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ìrànlọ́wọ́ nínú rẹ̀ mọ́. Orúkọ màmá mi ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, pé àwọn ló ṣe kẹ̀kẹ́ náà, àwọn ló sì kọ́kọ́ fi í sọ̀. Mo gbà á.

Ìgbìmọ̀ ìlú kan pátákó irin mọ́ ògiri ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, tó ti di ibi tí wọ́n ti ń ta fóònù. Wọ́n ní kí n wá ṣí i. N kò sọ fún bùrọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí wọn lẹ́yìn gbogbo èèyàn, wọ́n fara ti ọkọ̀ kan, aṣọ iṣẹ́ wọn ṣì wà lọ́rùn, irun onírun sì wà lára rẹ̀.

Alága ìgbìmọ̀ na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí mi. "Ṣé ẹbí wọn mìíràn wà níbí?"

Gbólóhùn kan péré ló gbà láti tú àṣírí wọn. Oníròyìn wà níbẹ̀, bàbá arúgbó apínlẹ́tà wà níbẹ̀. Ara mi gbóná bó ti gbóná lórí òkè, mo sì mọ adùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́yìn yẹn," mo ní. "Ọmọ wọn àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá."

Àwọn èèyàn yà. Bùrọ̀dá mi rìn bọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sí ilé ẹjọ́, wọ́n ń sunkún, obìnrin kan fọwọ́ gbá wọn lẹ́yìn, ó ní kí wọ́n ní sùúrù, pé ìyá ò ṣeé gbàgbé. Wọ́n dúró tì mí lábẹ́ pátákó náà. Wọ́n bi mí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Ṣé o ti dárí jì mí?"

"Rárá," mo ní. "Ẹ dúró dáadáa, wọ́n fẹ́ ya fọ́tò."